Ojú Tí A Sọ̀ Sínú Kànga Kẹrìnlá

Àìkú, 9 Òkúdù

Omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo lọ wo òkúta apínmi láàárọ̀ yìí, níbi tí odò abẹ́ ilẹ̀ wa, tí àwọn baba wa gbẹ́ kọjá lábẹ́ ọ̀wọ́ kànga nínú aṣálẹ̀, ti ń yọjú síta, tí òkúta eléyín náà sì ń pín in fún ọgbà kọ̀ọ̀kan. Eyín tiwa kàn tutù lásán ni. Ti Alhaji Belkheir tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ṣe ló ń kán bí ìtọ̀ arúgbó. Mẹ́ta nínú igi dàbínù wa ti ń gbẹ láti orí, àlùbọ́sà Màámi sì ti kú sínú ilẹ̀.

Àwọn àgbà ìlú jókòó lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ya lábẹ́ níbì kan láàárín kànga kẹtàlá àti ìkẹrìnlá, yanrìn sì ti dí ojú omi. Ó di dandan kí ẹnìkan wọ kànga kẹrìnlá lọ wò ó. Bí wọ́n bá ti ní "ẹnìkan" nílùú yìí, ilé wa ni gbogbo ojú máa ń yí sí. Ìdílé Alhaji ló ni omi, ìdílé tiwa ló ni wíwọ kànga. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín ayé kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Bàámi nìkan ló kù tó mọ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà dunjú. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni wọ́n.

Bàámi ní, "Èmi náà ni n ó wọ̀ ọ́."

Kànga kẹrìnlá yìí kan náà ló pa Boudjemaa àbúrò mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níbi ìjókòó yẹn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pé mo máa fi okùn sọ ojú kan kalẹ̀ tí a ó fi rí gbogbo ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ ènìyàn kankan fi ẹsẹ̀ kàn án.

"Ojú ta ni?" Alhaji bi mí.

"Kámẹ́rà ni, Alhaji."

"Ẹ gbọ́ tíṣà o!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó na tẹ̀súbáà rẹ̀ sí mi. "Ó dáa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Tí ojú tìẹ ò bá ríran, ojú bàbá rẹ á ríran."

Bàámi ò wo ojú mi títí a fi délé.

Ìṣẹ́gun, 11 Òkúdù

Kámẹ́rà náà ò ju ẹyin adìẹ lọ, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí kọ̀ǹpútà. Lórí tábìlì, ó ríran kedere. Mo so wáyà USB mítà márùn-ún mọ́ ọn, ó ríran. Mo so ìkejì mọ́ ìkínní, ó ríran, àmọ́ ó ń ṣẹ́jú. Mo so ìkẹta, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ohun tí mo kì bọ òun lára.

Bàámi ní kànga kẹrìnlá jìn tó ọkùnrin mẹ́tàlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa ń wọn kànga, bíi pé ọkùnrin kan dúró lé èjìká èkejì. Mo ṣírò rẹ̀, ó lé ní mítà méjìlélógún. Màámi ò fẹ́ràn ìwọ̀n yẹn láti ìgbà Boudjemaa. Wọ́n ní ṣe ló dà bíi pé kànga ń ka oúnjẹ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 Òkúdù

Ooru mú dé ìwọ̀n mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mi ò ṣe nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 15 Òkúdù

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú Timimoun, sí ṣọ́ọ̀bù Lakhdar. Ọkùnrin yìí ń ta gbogbo ohun tó ní wáyà lára, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju gbogbo wáyà náà lọ.

"Tíṣà wa! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé kọ̀ǹpútà tún ti kó kòkòrò ni?"

"Rárá. Mo fẹ́ kí kámẹ́rà mi wà nísàlẹ̀ kànga, kí kọ̀ǹpútà mi wà lókè."

"Kí lẹ ń wá lọ síbẹ̀? Ọkọ?"

"Tí mo bá rí ọkọ níbẹ̀, ìwọ ni mo máa pè kí o wá bá mi fà á jáde."

Ó gbé àpótí kékeré méjì jáde. Ọ̀kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, èkejì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì gígùn á sì so méjèèjì pọ̀. Ó ní ó lè lọ tó ọgọ́ta mítà.

"Ṣé ó lè gbé kámẹ́rà?" ni mo bi í.

"Ohun gbogbo ló ń gbé, àfi àpò ìrẹsì."

Owó tó gbà lọ́wọ́ mi pọ̀ ju ohun tó yẹ kí tíṣà bíi tèmi ná lọ. Mo di àpótí náà mọ́ àyà bí ọmọ títí mo fi délé.

Ìṣẹ́gun, 18 Òkúdù

Ìdánwò àṣekágbá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ti pa íńtánẹ́ẹ̀tì gbogbo orílẹ̀-èdè kí àwọn ọmọ má baà jíwèé wò. Èmi tó ń ṣọ́ àwọn ajíwèéwò láti àárọ̀, kò sí ibi tí èmi fúnra mi lè ti jí ìdáhùn wò.

Mo so àpótí méjèèjì. Mo fi máọ̀sì sí ìdí èyí tó jìnnà, ó rìn. Mo yọ ọ́, mo fi kámẹ́rà síbẹ̀. Iná rẹ̀ tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kọ̀ǹpútà á ní òun ti rí kámẹ́rà, àmọ́ àwòrán rẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé tí ohun kan bá bàjẹ́, ẹ tú u palẹ̀, kí ẹ dán ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò ní tirẹ̀. Kámẹ́rà dára. Wáyà dára. Àpótí dára. Gbogbo wọn dára lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bíi ti àwọn ẹbí kan tí mo mọ̀.

Jímọ̀, 21 Òkúdù

Iná ni kò tó o! Máọ̀sì ò jẹun púpọ̀, kámẹ́rà ń jẹun. Ihò kóńkó kan wà lẹ́yìn àpótí ìsàlẹ̀ tí mo rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Mo ki páwà báǹkì fóònù mi bọ̀ ọ́, mo dín fífẹ̀ àwòrán kù sí ìdajì, ojú rẹ̀ sì là! Kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, èmi wà lórí òrùlé, mo sì ń wo sálúbàtà Màámi kedere, títí dé ibi tó já.

Mo pariwo pè wọ́n. Màámi wá, wọ́n wo sálúbàtà wọn lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló máa gbé e dání nígbà tó bá ń wọlẹ̀ lọ?"

"Kò sẹ́ni tó máa gbé e, Màámi. Okùn la fi ń sọ̀ ọ́. Òun nìkan ló ń lọ."

"Òun nìkan," ni Màámi wí. Wọ́n fọwọ́ kan orí kámẹ́rà náà, wọ́n sì padà sídìí búrẹ́dì wọn.

Mo jẹ kusikúsì àwo méjì lónìí. Inú mi dùn.

Ajé, 24 Òkúdù

Màámi ló gbé àpò tí kámẹ́rà àti àpótí wà nínú rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, wọ́n ti di ẹnu rẹ̀ pinpin.

A débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Hammou, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàámi, ló di okùn mú. Ó ti so àkísà pupa mọ́ ọn ní ìwọ̀n ọkùnrin kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sábẹ́ tapólì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, Bàámi jókòó sórí òkúta, Alhaji sì rán ẹni méjì wá láti wá wo ìtìjú wa.

"Mebrouka," Hammou wí, "ṣé ẹ ti fi iyọ̀ pa á báyìí? Kí àwọn àlùjọ̀nnú ará ìsàlẹ̀ má lọ gbà á lọ́wọ́ yín o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín díẹ̀, ó sì dùn mí lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kànga, obìnrin àgbà ilé rẹ̀ ló máa ń po iyọ̀ àti hóró dúdú mọ́ omi, tí á fi pa á níwájú orí, lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ tí Boudjemaa lọ, Màámi wà lórí ìrun Àsùbáà. Ó ń kánjú, kò dúró gbà á. Wọ́n sálámà tán, wọ́n gbé àwo dìde, wọ́n ò bá a mọ́. Màámi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn tán títí dòní.

Hammou bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọkùnrin kan, ọkùnrin méjì. Mò ń rí ògiri, mò ń rí àpá ọkọ́ àwọn baba wa lára rẹ̀. Ọkùnrin márùn-ún. Nígbà tó di mẹ́fà, àwòrán náà fà bí aṣọ tó ya, ó ṣókùnkùn.

A fà á sókè. Kó tó pẹ́ lórí ilẹ̀, ó tún ríran bíi pé kò sóhun tó ṣe é.

Ọjọ́rú, 26 Òkúdù

Mo na gbogbo wáyà náà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà wa dé ara ògiri mọ́ṣáláṣí. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko nínú oòrùn. Kì í ṣe gígùn ló ń dà á láàmú nígbà náà. Ewúrẹ́ kan fẹ́ jẹ ẹ́, mo sọ̀kò sí i.

Jímọ̀, 28 Òkúdù

Kọ̀ǹpútà yìí ní ìwà ahun kan. Tó bá rò pé ohun tí a so mọ́ òun ń sinmi, á gé iná fún un láti fi tọ́jú bátìrì tirẹ̀. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń pa ìwà yẹn, mo pa á. Mo ní mo ti mú olè náà.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ a padà síbẹ̀. Ó kú ní ọkùnrin mẹ́fà.

Àìkú, 30 Òkúdù

Mo gé orí wáyà méjèèjì, mo tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, mo fi ẹ̀mú tẹ̀ wọ́n. Ìka mi bó. Àpò ti wà ní dídì lẹ́nu ọ̀nà kí n tó kírun tán. Ó kú ní ọkùnrin méje.

Ẹni tí Alhaji rán wá ní, "Àwọn ará ìsàlẹ̀ ò fẹ́ kí wọ́n máa wo ìhòòhò àwọn."

Hammou ní, "Tí ọ̀gá rẹ bá ń wọ kànga, òun náà á mọ bí ìhòòhò wọn ṣe rí."

Bàámi ń pọ́n ọkọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n má pọ́n ọn.

"Ọkọ́ ń dógùn-ún ni, Mebrouka."

"Ẹ jẹ́ kó dógùn-ún."

Ìṣẹ́gun, 2 Agẹmọ

Ohun kan wà tí ń kò tíì fiyè sí. Nígbàkígbà tó bá kú, a máa ń gbé e sórí òkúta, a ó se tíì. Kí a tó mu ife kẹta, á ti jí. Kí ló dé tó ń yè nínú oòrùn, tó sì ń kú lábẹ́ ilẹ̀?

Ọ̀rinrin ni! Afẹ́fẹ́ inú kànga tutù, tiwa níbí gbẹ bí egungun. Orí mi wú. Mo yẹ ẹnu wáyà kámẹ́rà wò níbi tó ti wọ àpótí, mo rí ohun funfun díẹ̀ létí rẹ̀. Ilẹ̀ wa náà funfun bẹ́ẹ̀, eruku iyọ̀ wà lára ògiri, wà nínú irun orí wa. Mo fi etí ìborùn mi nù ún, mo tún un kì bọ̀ ọ́.

Lọ́la ni mo máa fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 4 Agẹmọ

A fi ọ̀rá wé e ní ìlọ́po mẹ́ta, a fi rọ́bà dì í. Ọkùnrin mẹ́fà, ó ríran. Méje. Mẹ́jọ. Hammou ti ń pariwo bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Mo rí omi! Mo rí i bó ṣe ń dán díẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, mo sì rí òkìtì kan lápá òsì, bí òjìji. Ní ọkùnrin mẹ́sàn-án, ó kú.

Mo jókòó sí ilẹ̀ gbígbóná, mo sunkún lójú gbogbo ọkùnrin. N ò tijú.

Àìkú, 7 Agẹmọ

Gbèdéke pé. A dán an wò láàárọ̀, ọkùnrin mẹ́jọ. Mo ti pààrọ̀ wáyà, mo ti pààrọ̀ páwà báǹkì, mo ti pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, mo yá ti ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí mo lè ṣe tán.

Alhaji jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. "Ojú rẹ fọ́, Mebrouka. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi."

Alhaji ti jókòó fún àádọ́rin ọdún, kò tíì fi ìjókòó rí ìsàlẹ̀ kànga kan. Mi ò sọ ọ́ síta. Ó yẹ kí n sọ ọ́.

Mo bẹ Bàámi nílé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ kí ọgbà kú, ẹ jẹ́ kí dàbínù gbẹ, owó oṣù mi á bọ́ wa.

"Ọgbà wa nìkan kọ́," Bàámi wí. "Tí n ò bá lọ, Hammou ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Kò mọ ibi tí òrùlé abẹ́ ilẹ̀ ti fẹ́ wó. Èmi mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni mo ti gbé ọmọ mi jáde."

"Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i."

"O ti gbìyànjú, ọmọ mi. Ojú tí a bí mọ́ni kò nílò wáyà."

Mo lọ bá Màámi nídìí ààrò kí wọ́n bá mi bẹ Bàámi. Màámi ń gún nǹkan nínú odó kékeré, wọn ò gbójú sókè. "Mo ti ṣe ti èmi, Mebrouka. Látọjọ́ tó ti ń lọ ni mo ti ń ṣe ti èmi." Mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀.

Ajé, 8 Agẹmọ

Wọ́n gbé Bàámi jáde lẹ́yìn Àsárì. A sin wọ́n kí oòrùn tó wọ̀.

Jímọ̀, 12 Agẹmọ

Mo máa kọ ọ́ kí n má baà gbàgbé bó ṣe lọ, torí oníkálukú ti ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú.

Màámi fi iyọ̀ pa wọ́n níwájú orí, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Bàámi dúró jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀. Hammou sọ wọ́n kalẹ̀ ní aago méje. Wọ́n ké sókè pé, "Mo ti rí i! Kò pọ̀. Apá òsì ni." Apá òsì, níbi tí kámẹ́rà fi hàn mí kó tó kú. Ká ní ó tún ríran ní ọkùnrin mẹ́rin péré sí i, à bá ti rí òrùlé tó wà lókè òkìtì náà. À bá ti rí i pé ó ti ya. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kí àgbàlagbà wá dúró sábẹ́ rẹ̀, Alhaji pàápàá ò ní sọ ọ́.

Wọ́n ń fi agbọ̀n kó yanrìn ránṣẹ́ sókè fún nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀. A gbọ́ omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, a gbọ́ ohùn wọn tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ dún. Hammou ń fa okùn, okùn náà ò dáhùn.

Omi ti kún òkúta apínmi. Eyín tiwa ń ṣàn dáadáa.

Alhaji wá kí wa, ó mú àgbò wá. Ó ní, "Bàbá yín ríran." Ìkòkò tíì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sílẹ̀ tìṣọ́ra-tìṣọ́ra, mo sì jáde.

Ajé, 15 Agẹmọ

Mo fẹ́ fún Lakhdar ní àpótí rẹ̀ padà. N kò fẹ́ rí i nílé yìí mọ́. Kí n tó dì í, mo ní kí n tú èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ wò, kí n mọ ohun tó ṣẹ́gun mi. Mo fi ọ̀bẹ là á.

Gbogbo inú ẹnu ibi tí wáyà kámẹ́rà ti ń wọ̀ ti di àwọ̀ ewé, bàbà rẹ̀ ti jẹrà. Iyọ̀ dì sí i lára gan-an, ó ń dán. Mo ní eruku ilẹ̀ wa ni. Mo fi ìka mú díẹ̀, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Mo fi abẹ́rẹ́ tú u, hóró dúdú kan já bọ́ sórí tábìlì. Mo tún tú u, òmíràn já bọ́. Hóró tí àwọn àgbà ń pè ní oògùn gbogbo àìsàn àyàfi ikú.

Gbogbo àárọ̀ tí àpò náà ti wà ní dídì kí n tó kírun tán. Gbogbo ìgbà tí a ń lọ. Màámi ò jẹ́ kí èyí jáde láìgba iyọ̀ bí Boudjemaa ṣe jáde. Wọ́n fi pa ojú rẹ̀, wọ́n nù ún kúrò kó má baà dí i. Wọ́n fi pa ibi tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi síbẹ̀. Bó bá ti wọ afẹ́fẹ́ tútù, iyọ̀ á mu omi, iná á sì ṣì lọ síbi tí kò yẹ. Bó bá dé inú oòrùn, á gbẹ, á jí. Ọ̀rá tí mo fi wé e, mo wé iyọ̀ náà mọ́ inú ni.

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n dán ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò! Mo rí funfun yẹn. Mo fi ìborùn nù ún.

Mo sọ àwọn hóró náà sínú iná. Mo kó ìyókù kúrò lórí tábìlì kí Màámi tó wọlé.

Ọjọ́rú, 17 Agẹmọ

Màámi wà nínú tákàbá, ọ̀fọ̀ opó, wọn kì í jáde. A jọ ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kàn ṣàdédé bi mí ni.

"Kí ló ba nǹkan yẹn jẹ́ gan-an?"

"Wáyà ni, Màámi. Ọjà tí ò dára ni Lakhdar tà fún mi."

Wọ́n ṣa ẹ̀wà fún ìgbà díẹ̀. "Mo rò pé bóyá iyọ̀ mi ni kò tó. Mo máa ń fi pa á, o ò mọ̀. Mo rò pé ó yẹ kí n fi pa á sí i."

Kí Ọlọ́run dárí jì mí, kí Lakhdar náà dárí jì mí, torí ọjà rẹ̀ dára.

"Ó tó, Màámi," mo wí. "Iyọ̀ yín tó. Wáyà ni."

Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ẹ̀wà sì dà sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 20 Agẹmọ

Àwọn àgbà ní kí Hammou wọ kànga kẹrìnlá lọ kó ìyókù yanrìn kí òrùlé tó tún ya. Ìyàwó Hammou lóyún. Mo lọ síbi ìjókòó wọn, n kò dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́tẹ̀ yìí, mo wọlé. Mo ní ojú mi ló máa kọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Alhaji ń ka tẹ̀súbáà, kò gbójú sókè.

Ajé, 22 Agẹmọ

Lakhdar fún mi ní àpótí mìíràn lánàá, ó kọ̀ láti gbowó. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú," kò sì ṣe àwàdà kankan. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé òun kọ́ ló jẹ̀bi.

Láti ìdájí ni mo ti ń dí ihò ara rẹ̀. Mo gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, mo fi wé gbogbo oríkèé wáyà, mo yọ́ àbẹ́là lé e lórí títí kò fi sí ihò tí abẹ́rẹ́ lè gbà wọlé. Mo rì í pẹ̀lú kámẹ́rà sínú garawa omi oníyọ̀ fún wákàtí kan, ó ń wò mí láti inú omi lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn náà mo gbé e lọ bá Màámi ní yàrá wọn, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí wọn.

"Ó ń lọ, Màámi."

Wọ́n wò mí. Wọ́n dìde lọ gbé àwo. Wọ́n fi iyọ̀ pa á lójú, wọ́n nù ún. Wọ́n fi pa ara rọ́bà náà yíká, wọn ò kánjú, wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Omi iyọ̀ ń kán sílẹ̀ láàárín ìka wọn. Mo dúró títí wọ́n fi ṣe tán.

Ó dé ọkùnrin mẹ́tàlá. Kò ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.

A rí òrùlé náà, ó ti sán láti ìhín dé ọ̀hún. Hammou wò ó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní òun ò ní wọ̀ ọ́, àwọn àgbà sì gbà fún un. Wọ́n máa gbẹ́ ọ̀nà mìíràn yí i ká láti òkè. Mo yí kámẹ́rà díẹ̀. Ọkọ́ Bàámi wà níbẹ̀, ó fara ti ògiri níbi tí wọ́n gbé e sí láti fi ọwọ́ méjèèjì kó yanrìn, omi sì ń ṣàn kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Hammou ní bóyá a lè fi ìwọ̀ fà á jáde. Mo ní kó fi í síbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Màámi wà lẹ́nu ọ̀nà, ibi tí tákàbá gbà wọ́n láyè dé.

"Ṣé ó ríran?"

"Ó ríran, Màámi. Ó ríran títí dé ìsàlẹ̀."

Wọ́n ní, "Wò ó. Ká ní mo ti tètè fi pa á dáadáa báyìí ni."

Mo gba àwo iyọ̀ náà lọ́wọ́ wọn, mo lọ fọ̀ ọ́.